Ṣé Màkìròwéèfù Ilé Ìdáná Lè Mú Ọ̀pá Kábọ́ọ̀nù Hù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo kà pé plásímà tútù lè mú ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tíntìntín, èyí tí wọ́n ń pè ní nanotube, hù láìlo ooru. Ṣé mo lè fi màkìròwéèfù ilé àti gáàsì ìdáná ṣe é fún títà?

Ìdáhùn: Rárá. Ìkẹrin irú ìbéèrè yìí nìyí lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ṣi gbogbo yín lọ́nà: "tútù".

Plásímà ni gáàsì tí agbára iná mànàmáná ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Nínú èyí tí à ń pè ní tútù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an gbóná ju ìwọ̀n Celsius 10,000 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkọlù wọn kò fi lè mú gáàsì tó yí wọn ká gbóná tó wọn. Plásímà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú gílóòbù ọ̀pá gígùn tí ń tàn ní ọ́fíìsì, síbẹ̀ ara rẹ̀ kì í jó ni. Gáàsì ni a ń sọ pé ó tutù; a kò sọ̀rọ̀ pẹpẹ tí ọ̀pá yóò hù lé lórí.

Pẹpẹ yẹn gbọ́dọ̀ gbóná. Hóró níkẹ́ẹ̀lì, kóbáàtì tàbí irin, tí ojú lásán kò lè rí, ni a ń tẹ́ sórí rẹ̀. Ara hóró yìí ni kábọ́ọ̀nù ń gbà jáde di ọ̀pá, bí hóró bá sì ṣe tóbi tó ni ọ̀pá náà ṣe ń nípọn tó. Iṣẹ́ tí plásímà ń bá wa ṣe ni pé ó ń fọ́ gáàsì sí wẹ́wẹ́, kí ooru má baà dá ru gbogbo ẹrù náà. Ní 1998, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, fi gáàsì asẹ́tílíìnì, tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, àti gáàsì amóníà mú ọ̀pá tó nàró ṣánṣán hù lórí gíláàsì, ní ìwọ̀n Celsius tí kò tó 666. Ohun tí àwa ń pè ní ooru kékeré nìyẹn o! Lóòótọ́, ní 2003 àwọn kan ní Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 120, ṣùgbọ́n okùn kábọ́ọ̀nù ni wọ́n rí níbẹ̀, ètò inú rẹ̀ kò sì gún régé bíi ti ọ̀pá gidi.

Ẹ ṣàkíyèsí amóníà. Òun ló ń jẹ pàǹtírí kábọ́ọ̀nù kúrò kí ó má baà bo hóró mọ́lẹ̀. Láìsí i, àti láìsí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde, èérí èéfín dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni ẹ óò kó jáde, ẹni tó bá sì ń tà á ní orúkọ nanotube ń lu jìbìtì.

Ẹ má ṣe tú màkìròwéèfù. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú agbára iná pamọ́, lè di nǹkan bíi fóltì 2,000 mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, gáàsì ìdáná tó bá sì pàdé afẹ́fẹ́ nínú àpótí tí iná ń ṣẹ́ lè bú gbàmù. Ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fà símú: ní 2014, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka oríṣi kan nínú rẹ̀ mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn jẹjẹrẹ. Àlàyé lásán ni mo ṣe níhìn-ín, kì í ṣe ìlànà iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí ó wá yàrá àyẹ̀wò yunifásítì tí ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ti lè dúró tì í.