Eṣinṣin ń dààmú ẹṣin wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Eṣinṣin kò jẹ́ kí ẹṣin tí a ń sìn de Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde sinmi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bù jẹ jù. Mi ò fẹ́ fín oògùn apakòkòrò. Ṣé kí n fi èéfín dóńgóyárò lé wọn?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìgbẹ́ ni kó o bá jà. Nínú ooru wa yìí, ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin di eṣinṣin, nítorí náà máa kó o lójoojúmọ́. Èyí tó ń bù wọ́n lẹ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Koríko tí ìtọ̀ ti rin ló ń yé sí. Yẹ abẹ́ agbada omi wò fún irú koríko tútù bẹ́ẹ̀. Kó ìgbẹ́ jọ gègèrè sí ọ̀nà jíjìn. Ooru inú rẹ̀ á pa ìdin. Tú adìyẹ sílẹ̀, wọn á ṣa ìyókù jẹ. Èéfín dóńgóyárò? Imú ẹṣin ló máa dí. Ra fáànù, kí atẹ́gùn rẹ̀ máa lé eṣinṣin.