Àgbàdo tó ti bu, ṣé ká fún màlúù jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù márùn-ún la ní, mo máa ń fi mílíìkì wọn ṣe wàrà tà. Òjò pa àgbàdo wa, àpò mẹ́rin ti bu, ó ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Bàbá ọkọ mi ní ká má dà á nù, ká fún màlúù, pé kò sóhun tí ikùn màlúù ò lè lọ̀. Àwọn ọmọ mi ń mu mílíìkì yẹn o, àmọ́ mo máa ń sè é dáadáa. Ṣé kò séwu? Ìyá Ìbejì, Ṣakí.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lánàá, ẹ dá a dúró lónìí.

Mo mọ̀ pé ó máa dun Bàbá, àpò àgbàdo mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń hù lára àgbàdo yẹn lè ní oró kan nínú tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọwọ́jà ẹ̀, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí ẹ̀pà tó wá láti Brazil tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn.

Màlúù tiyín lè má kú o, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ màlúù máa ń yí oró yẹn padà sí oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin M1, á wá gba inú mílíìkì jáde, kó tó pé ọjọ́ kan tó jẹun náà ló ti ń débẹ̀. Màlúù á máa rìn, á máa jẹko, mílíìkì ẹ̀ á funfun báláú, kò ní rùn, kò ní kan, ẹnu ò lè mọ̀ ọ́n.

Ti sísè tẹ́ ẹ sọ, iná máa ń pa kòkòrò, ẹ má ṣíwọ́ o, àmọ́ oró yìí kì í ṣe kòkòrò, kò lẹ́mìí tí iná máa gbà. Wàrà wá burú ju mílíìkì lọ, torí tẹ́ ẹ bá ti fi omi ewé bọmubọmu sí mílíìkì tó sì dì, ara èyí tó dì yẹn ni M1 máa ń lẹ̀ mọ́ jù, tẹ́ ẹ bá wá fún omi ẹ̀ dà nù, kílò wàrà kan á ní oró ju kílò mílíìkì kan lọ.

Kì í ṣe pé ọmọ á mu ife kan kó ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ, ewu ẹ̀ sì ga gan-an fún ẹni tó bá ní hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ kan. Ọmọdé ni mo ń rò jù, ara wọn kéré, mílíìkì tí wọ́n ń mu pọ̀. Yúróòpù ò gbà kí M1 ju nanogram 50 lọ nínú kílò mílíìkì kan (tẹ́ ẹ bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ni nanogram), Amẹ́ríkà gbà á dé 500. Ní Serbia, ọ̀dá ọdún 2012 ba àgbàdo jẹ́, nígbà tó fi máa di 2013 mílíìkì wọn ti kọjá 50 yẹn, ìjọba wá gbé e sókè sí 500. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, òfin ni wọ́n yí, mílíìkì ò yí.

Tẹ́ ẹ bá ti dá àgbàdo yẹn dúró, láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún mílíìkì á ti ń mọ́, ẹ má tà á, ẹ má mu ún títí dìgbà yẹn. Ẹ má sì ta àgbàdo yẹn fún olóúnjẹ adìyẹ o! Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, orí tapólì ni kẹ́ ẹ ti sá a, kó gbẹ kó tó wọ àpò, kẹ́ ẹ sì béèrè Aflasafe tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ṣe, oko ni wọ́n ń fọ́n ọn sí kí àgbàdo tó yọ òdòdó, ìbátan nǹkan tó ń hù yẹn ni, àmọ́ òun ò loró, á wá gbààyè lọ́wọ́ olóró.

ÌBÉÈRÈ: Wàrà mi hu irun nínú fíríìjì. Ṣé kí n gé ibẹ̀ kúrò? Bísí, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Rárá o, Bísí. Wàrà rọ̀, omi wà nínú ẹ̀, ohun tó hù lókè ti ta gbòǹgbò wọnú. Dà á nù, yọ́gọ́ọ̀tì náà bákan náà. Wàràkàṣì òyìnbó tó le koránkorán nìkan lèèyàn lè gé bí ínǹṣì kan kúrò yíká ibi tó bu, kó jẹ ìyókù.