Ṣé Kí A Sun Àpótí Òkú Kòkòrò Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbádárìgì. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá sáyẹ́ǹsì mọ́, a rí àpótí mélòó kan tí wọ́n to òkú kòkòrò sí. Abẹ́rẹ́ gún wọn, bébà kékeré sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1979 wà lára àwọn kan, 1986 wà lára òmíràn. Káńfọ̀ ń rùn níbẹ̀, kòkòrò mìíràn sì ti ń jẹ díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí a sun wọ́n. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ máa ń fi irú nǹkan báyìí wádìí bí kòkòrò àjèjì ṣe ń kọ́ oúnjẹ tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n má sun ún. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Kòkòrò òde òní, a lè jáde lọ mú un lónìí. Ti ọdún 1979, inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ nìkan ló kù sí.

Ẹ wo ohun tó ti wọlé tọ̀ wá láti ìgbà náà. Kòkòrò funfun tó ń bo ewé máńgòrò, Rastrococcus invadens, wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti Éṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Eṣinṣin èso Bactrocera dorsalis, Éṣíà ni òun náà ti wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní 2003. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tí ìdin rẹ̀ ń run àgbàdo wa, wá láti Amẹ́ríkà, 2016 ni ìròyìn rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí eṣinṣin ọdún 1979 tí wọ́n kọ máńgòrò sí lábẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ceratitis cosyra, èyí tó jẹ́ ti Áfíríkà. Ẹ̀rí ohun tó ń jẹ máńgòrò Àgbádárìgì kí ti Éṣíà tó dé nìyẹn, ó sì ṣòro láti rí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Florida ní Amẹ́ríkà. Kòkòrò kan wà níbẹ̀, Jadera haematoloma, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì ṣe ṣóńṣó. Ẹnu yìí ló fi ń gún èso títí yóò fi kan kóró inú rẹ̀. Èso tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, kóró sì jìnnà sí èèpo. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn gbé igi ọ̀ṣọ́ kan wá láti Éṣíà. Èso tirẹ̀ pẹlẹbẹ, kóró kò jìnnà rárá. Kòkòrò náà bá ya sórí rẹ̀. Ní 1992, Scott Carroll àti Christin Boyd gbé ìwádìí wọn jáde: wọ́n ti wọn ẹnu àwọn kòkòrò tó wà nínú àpótí mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n sì tò wọ́n ní ọdún-dé-ọdún. Bí igi àjèjì náà ṣe ń gbilẹ̀ ni ẹnu àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń kúrú. Abo tó ń jẹ èso àtijọ́, ẹnu rẹ̀ tó bíi mìlímítà 9. Ti orí igi àjèjì kò ju bíi 7 lọ. Bébà kékeré abẹ́ abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n lè tò ó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: níbẹ̀, igi ni àjèjì, kòkòrò ni onílé. Ọ̀nà kan náà la fi ń wádìí kòkòrò àjèjì tó bá oúnjẹ tuntun pàdé. Irú ti Florida yẹn sì wà lọ́dọ̀ yín. Òkè òkun ni àgbọn ti wá, ṣùgbọ́n ìtun tó ń ba ọ̀pẹ jẹ́, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó sì ń jẹ àgbọn náà. Bí àgbà ìtun bá wà nínú àpótí yín, tí wọ́n kọ ọ̀pẹ sábẹ́ àwọn kan àti àgbọn sábẹ́ àwọn yòókù, inú mi yóò dùn gan-an láti wọ̀n wọ́n.

Ẹsẹ̀ kòkòrò kan ṣoṣo lè tó láti fi yẹ DNA rẹ̀ wò, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú ara rẹ̀. DNA tó ti pẹ́ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkòkò tó já bọ́, àmọ́ ẹ̀rọ òde òní lè ka àfọ́kù rẹ̀. A tún lè yẹ ìyẹ́ àfòpiná wò. Àgbàdo àti ìrèké máa ń gba kábọ̀n inú afẹ́fẹ́ lọ́nà kan, ẹ̀wà àti tòmátì lọ́nà mìíràn, àmì rẹ̀ a sì wà nínú ìyẹ́ àfòpiná tó jẹ wọ́n dàgbà. Kò lè sọ orúkọ ewéko náà fún wa, àmọ́ ó ń sọ èwo nínú ọ̀nà méjèèjì náà ni ewéko ọ̀hún ń lò.

Nítorí náà, bébà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò àpótí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ ya bébà kọ̀ọ̀kan nítòsí. Ẹ má yọ ọ́ kúrò lára abẹ́rẹ́, ẹ má sì tún un kọ, kódà bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti di ti àtijọ́. Orúkọ máa ń yí: ní 2005, wọ́n fún eṣinṣin èso ti Éṣíà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ tuntun, Bactrocera invadens, ní 2015, wọ́n ní ẹ̀yà kan náà ni pẹ̀lú dorsalis. Bébà tó bá ti já bọ́, inú àpòòwé ni kí ẹ fi sí. Ẹ má fojú díwọ̀n gbé e padà sábẹ́ kòkòrò kankan, torí bébà tí kì í ṣe ti kòkòrò kan burú ju kó má ní rárá lọ.

Ní ti kòkòrò tó ń jẹ wọ́n, ẹ fi náílọ́ọ̀nù di àpótí náà pinpin, kí ẹ gbé e sínú fíríísà tó ń dì dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná bá ń lọ jù, ẹ bẹ ẹni tó ní kóòdù-rúùmù ẹja. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú náílọ́ọ̀nù náà títí òtútù ara rẹ̀ yóò fi lọ, kí omi má baà sẹ̀ sórí wọn kí wọ́n sì bu. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, torí káńfọ̀ yẹn kò dára fún ọmọdé.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tuntun jọ. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣa èso igi fúrúùtù, máńgòrò, gúáfà àti òro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́. Ẹ fi irú èso kọ̀ọ̀kan sínú ike tirẹ̀, lórí iyanrìn tó tutù díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ike. Ìdin yóò wọ inú iyanrìn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, eṣinṣin yóò jáde. Ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un ní omi àti ṣúgà fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọ̀ ara rẹ̀ lè hàn dáadáa, torí àwọ̀ yẹn la fi ń dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sínú ìgò ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí yàrá sáyẹ́ǹsì: èyí tó tó ìdá 95 nínú 100 ló dára jù fún DNA. Fọ́málínì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, ń ba DNA jẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ bébà inú ìgò, báírò yóò ṣí. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti mú un, ẹni tó mú un, èso tàbí ewé tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ rí i tó ń jẹ ẹ́ tàbí ó kàn bà lé e. Ọ̀pọ̀ bébà àtijọ́ kò ní ìlà ìgbẹ̀yìn yìí, ó sì ń dùn mí.

Bí àyè bá wà, ẹ tẹ ewé rẹ̀ gbẹ sáàárín bébà ìròyìn pẹ̀lú. Kòkòrò kan wà ní Yúróòpù, Cameraria ohridella, tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ewé. 1986 ni àwọn onímọ̀ tó fún un lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan tú ewé gbígbẹ tí wọ́n ti tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ wò, wọ́n bá ìdin rẹ̀ nínú ewé tí wọ́n já ní Gíríìsì ní 1879. Ìwádìí yẹn, tó jáde ní 2011, ló fi hàn pé agbègbè Balkan, níbi tí Gíríìsì wà, ló ti wá.

Mùsíọ́ọ̀mù tó lè gba àpótí yín wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ti IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin, sún mọ́ yín jù, ṣùgbọ́n ẹ má gbé kòkòrò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá láìkọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò ní ẹnubodè. Ẹ fi fọ́tò àwọn bébà yẹn ránṣẹ́ ṣáájú. Láti ara wọn ni wọn yóò ti mọ àpótí tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ.