12,000 BTU kọ́ ni iná tí ẹ̀rọ amúlétutù yín ń jẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Mo ra ẹ̀rọ amúlétutù kan sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n kọ 12,000 BTU/h sára páálí rẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fi 3.412 pín in, ó ní 3,517 wáàtì ló ń jẹ, pé jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA mi ò ní lè gbé e. Ẹni tó tà á fún mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé 1.5 HP ni, HP kan sì jẹ́ 746 wáàtì, torí náà 1,119 wáàtì péré ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìṣirò ọmọ yín pé. 3,517 wáàtì yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ ooru ni, kì í ṣe iná tí ẹ máa sanwó rẹ̀.

BTU kan ni ìwọ̀n ooru tó máa fi dígírì Fárẹ́nháìtì kan kún ìgbóná omi tó wúwo tó pọ́n-ùn kan. Tí wọ́n bá wá fi «/h» sí i, iye tó ń kọjá ní wákàtí kan ni wọ́n ń sọ. Wáàtì náà ń sọ bí agbára ṣe ń yára kọjá, ì báà jẹ́ ti iná mànàmáná, ì báà jẹ́ ti ooru. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ pé wáàtì kan jẹ́ 3.412 BTU/h.

Ìṣirò yìí rọrùn níbi kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi. Gbogbo iná tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń di ooru, kẹ́tù 2,000 wáàtì ń mú ooru 6,824 BTU/h jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò dá òtútù kankan sílẹ̀, ńṣe ló ń ru ooru inú ṣọ́ọ̀bù yín lọ síta. Ẹ wo alábàárù ní ọjà Bódìjà: àpò ìrẹsì tó wà lórí rẹ̀ kọ́ ni oúnjẹ tó jẹ kó tó lè gbé e. 12,000 BTU/h ni ẹrù, iná ni oúnjẹ alábàárù. Ẹ̀rọ tó bá jẹ 1,100 wáàtì lè ru ooru 3,517 wáàtì, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Tí ẹ bá dúró níwájú èyí tó wà níta, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára: ooru inú ilé àti iná tó jẹ ló ń tú jáde pọ̀, 4,617 wáàtì.

(12,000 yìí ní ìtàn tirẹ̀. Yìnyín ni wọ́n fi ń mú nǹkan tutù tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Tí yìnyín 2,000 pọ́n-ùn bá fi wákàtí 24 yọ́, 12,000 BTU ló ń gbà mọ́ra ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní «tọ́ọ̀nù kan».)

Ẹni tó tà á sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ò dáa. Lára ẹ̀rọ amúlétutù, orúkọ ìwọ̀n lásán ni HP jẹ́ lọ́jà wa: 1 HP fún nǹkan bí 9,000 BTU/h, 1.5 fún 12,000, 2 fún 18,000. Méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ 1.5 HP lè jẹ iná tó yàtọ̀ síra dáadáa. Ẹ ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ «Power Input» sí. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣírò iná.

Ká ní 1,100 ni ẹ bá níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sábà máa ń gbé nǹkan bí 2,000 wáàtì, torí náà ó lè gbé e tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá fẹ́ tan ni ìjà wà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ọkàn ẹ̀rọ náà, tó ń ti gáàsì kiri) tí kì í ṣe ti ínfátà (irú ẹ̀rọ amúlétutù tó lè dín eré kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un, kì í ṣe ínfátà bátìrì) máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè kú lórí ìyẹn. Ti ínfátà rọra ń gbéra ni. Tí tiyín kì í bá ṣe ínfátà, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ yìí dán an wò kí oníná tó wò ó.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni áyọ́ọ̀nù yín, ẹ ò sì dárúkọ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì dà bíi kẹ́tù: nígbà tó bá ń gbóná, 4,094 BTU/h ló ń dà sínú ṣọ́ọ̀bù, ìdá mẹ́ta ohun tí ẹ̀rọ náà lè rù. Ẹnì kan tó jókòó ń ránṣọ náà ń mú ooru tó tó 100 wáàtì wá, ẹni mẹ́fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,050 BTU/h. Ìlàjì agbára ẹ̀rọ ti lọ, oòrùn ò tíì kan òrùlé. Lórí jẹnẹrétọ̀, 1,200 àti 1,100 jẹ́ 2,300, ó ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ gbé tábìlì ìlọṣọ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ bá fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ lọ aṣọ.