Bí onílé bá ní kí ẹ kó jáde nígbà tí owó ilé tí ẹ san kò tíì tán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, nítorí pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ni. Bí ó bá yé mi dáadáa, fúláàtì oníyàrá méjì ni ẹ gbà ní Ìkòròdú, ẹ san owó ọdún kan gbáko, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́rin, onílé sì ránṣẹ́ sí yín pé òun ti ta ilé náà, pé kí ẹ kó jáde kí oṣù yìí tó parí, pé òun yóò dá owó oṣù mẹ́jọ tó kù padà, àti pé bí ẹ bá ṣe agídí, àwọn tó ra ilé náà yóò wá ṣí páànù kúrò lórí yín. Ẹ béèrè bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní in. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn nìkan kò lè dáàbò bò yín, torí pé èmi náà mọ̀ nígbà kan pé onílé mi kò ní ẹ̀tọ́, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi sùn ní pálọ̀ àbúrò mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan owó oṣù mẹ́jọ yẹn, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń pàdánù ọ̀ràn tí wọ́n ì bá jàre rẹ̀. Bí ó bá fi owó náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín láìbi yín léèrè, ẹ dá a padà, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí i lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ kò gbà á, pé ilé ni ẹ san owó sí, ilé ni ẹ sì fẹ́ gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 2013, ní Mushin, onílé mi jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń pè mí ní ọmọ òun. Mo ti san owó ọdún kan fún un, mo sì ti lo oṣù márùn-ún. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó pè mí sí pálọ̀ rẹ̀, ó ní ọmọ òun ń bọ̀ láti òkè òkun, kò sì rí ibi tí yóò gbé, pé kí n jọ̀ọ́ bá òun ṣe é bí ọmọ ṣe ń ṣe fún bàbá. Owó wà nínú àpòòwé lórí tábìlì. Ajẹ́ńtì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Ojú tì mí láti bá àgbà jiyàn, mo ka owó náà, mo fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé mo ti gba owó mi pé, pé n kò sì ní ohunkóhun tí mo tún ń béèrè lọ́wọ́ onílé. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, mo padà síbẹ̀ láti gba lẹ́tà kan. Ọmọ òkè òkun kò dé. Tọkọtaya kan ló ń gbé inú rẹ̀, iye tí wọ́n sì san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi.

Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kò pẹ́ tó fi dá mi lóhùn. Ó ní onílé kò lé mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi jọ̀wọ́ ilé náà, tí onílé sì gbà á, òfin sì fi àyè gba ẹni méjì tó ṣe àdéhùn láti jọ tú u ká nígbàkigbà tí ó bá wù wọ́n. Ohun tí ìwé yẹn sọ nìyẹn, ìtìjú tí mo ń tì lọ́jọ́ náà kò sì sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òfin fúnra rẹ̀. Ìkòròdú wà lábẹ́ Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, èyí tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù. Àwọn àdúgbò tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, nítorí náà kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ má fi ohun tí mo ń sọ nípa òfin yìí ṣe odiwọ̀n tiwọn. Abala 13 rẹ̀ sọ pé bí ẹ̀yin àti onílé kò bá ti fẹnu kò lórí iye àkókò ìkìlọ̀, ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù yóò gba ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san ti oṣù mẹ́ta tàbí ti oṣù mẹ́fà yóò gba ti oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san ti ọdún kan yóò sì gba ti oṣù mẹ́fà. Abala yẹn kan náà ló sọ pé ọjọ́ tí owó ilé bá tán tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkìlọ̀ lè parí. Ìyẹn ni pé bí onílé bá tilẹ̀ kọ ìwé kúìtì fún yín ní ọjọ́ kejì tí ẹ kó wọlé, ìwé náà kò lè gé ọdún tí ẹ ti sanwó rẹ̀ kúrú. Ìkìlọ̀ tí yóò parí ní ìparí oṣù karùn-ún, nígbà tí ẹ ti san oṣù méjìlá, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Títà tí ó ta ilé kò sì yí èyí padà. Ẹni tó ra ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ ra á tòun ti ayálégbé náà ni. Ó gba ipò onílé àtijọ́, pẹ̀lú ohun tí onílé náà jẹ àti ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Bí onílé yín bá ṣèlérí fún olùrà pé ilé yóò ṣófo, gbèsè tí òun jẹ olùrà nìyẹn. Kí àwọn méjèèjì lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Apá kan wà nínú òfin náà tí kò dùn mọ́ àwa ayálégbé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà yẹn wà fún ẹni tí kò bá ní àdéhùn mìíràn. Bí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí bá sọ pé oṣù kan tàbí méjì ni ìkìlọ̀, tàbí pé ẹnikẹ́ni nínú yín lè fòpin sí i kí ọdún tó pé, ohun tí ẹ fọwọ́ sí ni wọn yóò kà sí yín létí. Ìkejì, bí ìwé yín bá dárúkọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, bí ọjọ́ ìparí bá ti kọjá tí ẹ kò sì tún un san, onílé kò nílò láti fún yín ní oṣù mẹ́fà mọ́ rárá; ìkìlọ̀ ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí ilé ẹjọ́ láti gba ilé òun ti tó. Mo ti rí àwọn tó gbọ́ nípa oṣù mẹ́fà yìí tí wọ́n wá jókòó pa sínú ilé lẹ́yìn tí owó wọn tán. Wọ́n ń gbé e ní gbèsè ni, torí pé ilé ẹjọ́ yóò ní kí wọ́n san owó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi lò ó.

Ní ọdún 2018, ní Agége, ó tún ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n ojú mi ti là díẹ̀. Ìyá tó ni ilé kú, àwọn ọmọ pín ogún, ẹni tí ilé bọ́ sí lọ́wọ́ sì fi lẹ́tà lọ́yà ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé oṣù kan ni a ní. Oṣù méje ló ṣẹ́kù nínú ọdún tí mo san. Mo fi ọ̀wọ̀ kọ èsì padà ní ojú ìwé kan péré: ọjọ́ tí mo sanwó, iye tí mo san, ọjọ́ tí owó náà yóò tán, àti pé n óò kúrò lọ́jọ́ náà bí wọn kò bá fẹ́ kí n tún un san. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo sì mú kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi.

Wọ́n dáhùn pé ayálégbé olóṣooṣù ni mí. Àyà mi já, torí pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń ka owó fún ìyá náà, risíìtì rẹ̀ kì í sì í ní ju iye owó àti ọjọ́ tí mo san án lọ. (Òfin fi dandan lé e pé kí onílé fúnni ní risíìtì tó sọ orúkọ àwọn méjèèjì, ilé tí a gbà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún, onílé tí kò bá sì fúnni lè san owó ìtanràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ìyẹn lọ ìyá àgbà?) Ohun tó gbà mí ni pé ní ọdún tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, báńkì ni mo fi san án. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni owó náà wọlé, iye rẹ̀ sì jẹ́ ti oṣù méjìlá. Bí kò bá sí ẹ̀rí tó lòdì sí i, àsìkò tí a ń san owó ilé tàbí tí onílé ń béèrè rẹ̀ ni òfin fi ń mọ irú ayálégbé tí ènìyàn jẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé kò ràn án, wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mi ní ọjọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, wọ́n sì gé wáyà iná. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ya fọ́tò, mo kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, mo sọ fún aládùúgbò méjì kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Citizens' Mediation Centre, ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, níbi tí wọn kì í ti í gba kọ́bọ̀. Wọ́n kọ̀wé pe ọmọkùnrin tó jogún ilé náà, ó sì wá. Mo rò pé kíka abala 44 sí i létí ló mú un rọ̀. Abala yẹn sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi agbára lé ayálégbé jáde tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, tó halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó wó ilé tàbí tó yí i padà láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí ayálégbé lè sá jáde, ó ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ rí i pé ṣíṣí páànù tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ yín wọ inú èyí kíá. Ìhàlẹ̀ náà gan-an, kódà kí wọ́n tó gun àkàbà, ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé Wátsáàpù ni ó fi sọ ọ́, ẹ má pa á rẹ́.

A fẹnu kò pé n óò lo ọdún mi parí, pé wọn yóò dá ilẹ̀kùn àti iná padà, pé n kò sì ní béèrè láti tún un san. Mo kó jáde ní ọjọ́ tí owó mi tán gan-an. Inú mi kò dùn tó bí ẹ ṣe lè rò, torí pé fún oṣù méje ni ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò fi kí mi.

Bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá sí yín, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ọ̀ràn àdéhùn láàárín onílé àti ayálégbé kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì kà á léèwọ̀ láti mú ènìyàn nítorí pé ó rú àdéhùn lásán. Àmọ́ bí àwọn jàǹdùkú bá wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀yin ni kí ẹ yára pe ọlọ́pàá.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n àwọn tí ń sọ pé àṣìṣe inú ìwé kúìtì yóò fi yín sínú ilé títí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ gbangba pé bí onílé bá ti pe ẹjọ́ tí ayálégbé sì ti gba ìwé ìpẹ̀jọ́, àléébù inú ìkìlọ̀ kì í ṣe ibi ààbò mọ́ fún ẹni tí àkókò rẹ̀ ti parí. Agbára tiyín ni pé àkókò yín kò tíì parí.

Ó lè jẹ́ pé ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ bá wọn gbé mọ́, n kò sì ní dá yín lẹ́bi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìdúnàádúrà bí ẹni tó ní nǹkan tí ẹlòmíràn fẹ́ rà. Owó oṣù mẹ́jọ tí ó ń fi lọ̀ yín jẹ́ owó yín tẹ́lẹ̀. Kò tíì ka owó ajẹ́ńtì àti owó àgúrímẹ́ǹtì tí ẹ san nígbà tí ẹ ń wọlé, tí ẹ ó sì tún san níbòmíràn, kò ka ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù, kò sì ka ohun tí ilé tuntun yóò fi wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ béèrè fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta láti wá ilé, kí owó sì wọ ọwọ́ yín kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò níbẹ̀.

Ní alẹ́ òní, ẹ wá ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ wo ibi tí wọ́n ti mẹ́nu kan ìkìlọ̀ àti ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìparí sí, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an síbí fún wa, láìfi orúkọ onílé kún un.