Ẹ má jẹ́ kí báàjì ọmọ pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ṣé kí ẹ kó gbogbo báàjì àwọn ọmọ Síkáòtù yín jọ di ayẹyẹ ńlá ìparí ọdún, kí àwọn èèyàn pàtàkì lè wá pín in. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ojú mi rí i.

Ọmọkùnrin kan yege nínú ìtọ́jú pàjáwìrì lóṣù kejì. Ó mọ egungun tó ṣẹ́ í dì débi pé òun ló ń kọ́ àwọn yòókù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. Mo fi báàjì rẹ̀ pamọ́ di oṣù kejìlá. Lọ́jọ́ náà, alága sọ̀rọ̀ títí, àwọn ọmọ wà lórí ìdúró nínú oòrùn. Nígbà tó kan ọmọ yìí, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo pè. Báàjì oúnjẹ sísè ni mo sì fi lé e lọ́wọ́. Ó kí mi ní kíkí Síkáòtù, ó padà sórí ìlà, ó ń yí báàjì yẹn síwá sẹ́yìn nínú àtẹ́lẹwọ́. Mo gbé èyí tó tọ́ sí i lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò rán an mọ́ aṣọ.

Látìgbà náà, ìpàdé tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọmọ yege ni mo ń fún un ní báàjì. A ó tò bíi pátákò ẹṣin, màá sọ ohun tó ṣe ní gbólóhùn kan péré, a ó pàtẹ́wọ́, ó parí. Baden-Powell tó dá Síkáòtù sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́: ní ibùdó àkọ́kọ́ tó ṣe fún àwọn ọmọ ní erékùṣù Brownsea, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1907, tí kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń gba àmì wọn bí wọ́n bá ti yege nínú okùn títa àti ipasẹ̀ títọ̀.

Àmì ẹ̀yẹ tó ga jù, tó ń gba ọmọ lọ́dún bíi mélòó kan, ìyẹn yẹ kó ní ayẹyẹ tirẹ̀, kí ẹbí pé. Ẹ to àwọn báàjì sínú àpòòwé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ bi ọmọ léèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọ̀hún. Ọwọ́ òsì la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́, ọ̀tún la fi ń kíni. Bí ẹ bá kó ìwé ẹ̀rí, báàjì àti ẹ̀bùn lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, níṣe ni yóò dúró bí ẹni tó ń ru ẹrù.

Ẹ tún béèrè nípa àwọn tí kò gba ǹkan kan. Ẹ má fún wọn ní báàjì ìtùnú, ọmọ mọ èyí tí òun kò ṣiṣẹ́ fún. Èmi máa ń ní kí wọ́n gbé àsíá, tàbí kí wọ́n pe orúkọ.

Alága ńkọ́? Ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá kọjá ìyẹn, ẹ ní kí àwọn ọmọ dá orin.