Oògùn ìgbàgbé tí wọ́n kọ fún Màmá: ṣé kí n dá a dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Dókítà ní Alzheimer ló ń mú wọn ṣarán, ó wá kọ donepezil, mílígíráàmù 5, kí wọ́n máa lò ó lálaalẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pariwo lójú oorun, tí inú wọn sì ń ṣí. Wọ́n tún ń lo Piriton tí mo rà ní kẹ́mísì kan lọ́jà Ìgbọ̀nà torí ara yíyún. Àbúrò mi ní oògùn yẹn ló ń dà wọ́n lórí rú. Ṣé kí n dá a dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà gbọ́. Ẹ má sì bá àbúrò yín jà, ohun tó fojú rí ló sọ.

Nínú ọpọlọ wa, èròjà kan wà tó ń jẹ́ acetylcholine. Òun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan fi ń ránṣẹ́ síra wọn kí a tó lè rántí nǹkan, kí ọkàn wa sì pa pọ̀. Tó bá ti jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn, acetylcholinesterase, á gé e wẹ́wẹ́. Nínú àìsàn Màmá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè acetylcholine ń kú, ìwọ̀nba ló sì kù. Donepezil ń di èyí tó ń gé e lọ́wọ́ mú, kí ìwọ̀nba náà lè pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Ohun tí à ń retí ni kí iyè wọn sọjí díẹ̀ fún ìgbà kan. Ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn fún yín ń tàn yín ni.

Ìfun àti ọkàn náà ń lo acetylcholine, ìdí nìyẹn tí inú Màmá fi ń ṣí. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ti ariwo òru, donepezil a máa mú kí àlá le koko. Ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀ dípò alẹ́.

Piriton gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ohun tí donepezil ń kó jọ, Piriton kì í jẹ́ kó jíṣẹ́ níbi tó ń lọ, òun fúnra rẹ̀ sì lè da orí àgbàlagbà rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni promethazine àti amitriptyline. Oògùn ara yíyún mìíràn wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọpọlọ, bíi loratadine. Ẹ béèrè rẹ̀.

Bí òyì bá ń kọ́ wọn, tí wọ́n dákú, tàbí tí ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Oògùn yìí lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra jù, pàápàá bí wọ́n bá ń lo atenolol tàbí propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ má sì fọ́n Sniper sínú yàrá wọn rárá. Dichlorvos inú rẹ̀ ń di acetylcholinesterase kan náà mú, ṣùgbọ́n kò ní òṣùwọ̀n, kò sì tètè ń tú u sílẹ̀.

Dókítà lè fẹ́ sọ mílígíráàmù 5 náà di 10 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ti inú ṣíṣí yìí fún un, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tó wà nílé lọ́wọ́ lọ.